Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́ẹ̀sì Lynch syndrome ní Nàìjíríà?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló pa bàbá mi, wọn ò tíì pé ọmọ ọdún 50, àbúrò wọn obìnrin náà tún ní jẹjẹrẹ ilé ọmọ, wọ́n ní ayé ló ń ṣe wá (ẹ ṣáà mọ ilé wa), àfìgbà tí àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀, wọ́n bá yẹ jíìnì ẹ̀ wò, wọ́n ní Lynch syndrome ni (àléébù àjogúnbá tó máa ń mú kí ewu jẹjẹrẹ pọ̀ lára èèyàn), jíìnì MSH2 ló bà jẹ́. Dókítà ẹ̀ ní kí gbogbo àwa ọmọ bàbá mi lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, torí ẹni tó bá ní i, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí, ìdajì ìdajì ni, ó lè jogún ẹ̀, ó sì lè má jogún ẹ̀.

Ìbàdàn lèmi wà. Ọsibítù tí mo lọ ní tí inú ò bá ti run mí kí n máa lọ sílé. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá.

Ṣé lábù kan wà ńbí tó lè wo MSH2 yẹn nìkan, àbí òkè òkun ni wọ́n máa gbé ẹ̀jẹ̀ mi lọ, èló ló sì ná ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é? Àbí kí n kàn lọ ṣe colonoscopy ná, ìyẹn kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun ńlá mi? Ọdún méjì méjì ni wọ́n ní kí àbúrò mi máa ṣe tiẹ̀. Wọ́n tún ní aspirin máa ń dín ewu jẹjẹrẹ yìí kù, àmọ́ mo ní ọ́lísà, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Ẹ dákun, ẹ má júwe àgbo fún mi.