Tírélà tó ń gba ìlú olókè kọjá: ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ kúulé o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé ẹ̀bá títì tó ti Kútọnu lọ Malanville ní bodè Niger, nílẹ̀ Benin wa níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sọ́rọ̀ yìí. Ilé wa ò jìnnà sí gúdúrọ̀n, òkè ló sì yí wa ká, tí tírélà bá ń gungun bọ̀ lóru, ariwo ẹ̀ á kọ lu àpáta, á tún padà wá bá wa lórí ẹní. Wọ́n ń kó sìmẹ́ńtì àti ìrẹsì lọ sókè, wọ́n ń kó òwú bọ̀. Àmọ́ ariwo kọ́ ló dùn mí jù, òkúta ni. Ẹni tó bá ń gun zem, ọ̀kadà wa, lálẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Tí ọkọ̀ bá kú sójú ọ̀nà, ọmọ ọkọ̀ á já ewé tútù sẹ́yìn ẹ̀ kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀, á wá gbé òkúta ràbàtà ti táyà kó má bàa yí padà sẹ́yìn. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe tán, wọ́n á ṣáná sí i, wọ́n á lọ, òkúta á jókòó síbẹ̀ láàárín títì. Irú ẹ̀ ni àbúrò mi gùn lù lálẹ́ ọjọ́ kan, apá ẹ̀ kán, eyín iwájú bá a lọ. Ta la fẹ́ mú? Onítọ̀hún á ti dé Parakou nígbà yẹn.

Ohun tó wá ń bí mi nínú ni pé rélùwéè wà ńlẹ̀ o. Láti Kútọnu dé Parakou, kìlómítà 438, ó gba inú Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, irin ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ lórí ẹ̀, gbogbo ẹrù yẹn sì ń fi táyà rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà Àgbà:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á bá wa wo ọmọ náà sàn. Ti òkúta yẹn, ìwà burúkú gbáà ni, ọmọ ọkọ̀ mi ò tó bẹ́ẹ̀ kó wọlé láì kó o kúrò. Àmọ́ ẹ má di gbogbo ẹ̀ lé dẹ́rẹ́bà lórí. Òfin UEMOA, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná owó CFA ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ní ọkọ̀ tòun tẹrù ò gbọdọ̀ kọjá tọ́ọ̀nù 51, ẹni tó ni ọkọ̀ á di ẹrù lé e bó ṣe wù ú torí owó, èmi ni mo máa fi jíà kékeré mú un sọ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì á máa rùn sí mi nímú. Tó bá já, èmi ni ikú kọ́kọ́ máa kí.

Nígbà tí sójà gbàjọba ní Niger ní oṣù keje 2023 tí bodè tì, a sùn ní Malanville títí ó fi sú wa, àwọn kan ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé ẹrù sọdá Odò Ọya. Títì tiyín rọlẹ̀ díẹ̀ nígbà yẹn, àbí irọ́ ni mo pa? Ṣùgbọ́n ẹrù Niger ò parẹ́ o, Lomé ni wọ́n ń já a sí, tó ń gba Burkina lọ. Ariwo tó kúrò lẹ́yìnkùlé yín, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíì ló lọ.

Ọmọ Kétu n'Ítálì:
Ẹ̀gbọ́n ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Bolzano ni mo ń gbé, ọ̀nà Brenner tó ti Austria wá ló gba àfonífojì wa, tírélà tó ń gba ibẹ̀ lọ́dún ju mílíọ̀nù méjì lọ. Òkè ga lọ́tùn-ún, ó ga lósì, tí òtútù bá dé afẹ́fẹ́ tútù á jókòó sísàlẹ̀, èéfín ò ní ríbi gbà jáde, bíi kéèyàn máa dáná igi nínú yàrá tó ti fèrèsé pa. Ariwo ní tiẹ̀ ń gòkè ni, ẹni tó rò pé òun kọ́lé sókè jìnnà sí títì náà ń gbọ́ ọ.

Àwọn ará Switzerland dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1994, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn pé ẹrù tó bá ń gba òkè Alps láti bodè dé bodè, ojú irin ni kó gbà. Láti 2001, bí tírélà bá ṣe wúwo tó, bó ṣe rìn jìnnà tó, àti irú èéfín tó ń rú, òun ni wọ́n fi ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀, nínú owó yẹn ni wọ́n ti mú gbẹ́ ihò rélùwéè sábẹ́ òkè. Ti Gotthard tí wọ́n ṣí ní 2016 gùn tó kìlómítà 57. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, tírélà ò gbọdọ̀ rìn. Ní 2000, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 tírélà ló gba òkè wọn, ó ti wálẹ̀ sábẹ́ mílíọ̀nù kan báyìí, òfin ní kó má ju 650,000 lọ, wọn ò tíì débẹ̀.

Ọ̀dọ̀ tiwa wá ńkọ́? Owó ọ̀nà Brenner ò tó ti Switzerland, làwọn dẹ́rẹ́bà bá ń yà wá sọ́dọ̀ wa. Tyrol ní Austria fòfin de ọ̀pọ̀ tírélà lóru, Ítálì gbé Austria lọ sílé ẹjọ́ Yúróòpù lórí ẹ̀. Ihò rélùwéè tiwa, kìlómítà 55, wọ́n ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Lójú tèmi, kéèyàn kàn lé tírélà nìkan, ọ̀dọ̀ aládùúgbò ló ń lé e lọ. Àfi kí irin gba ẹrù náà.

Ìyá Oníṣu:
Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti kà á o. Ẹ̀bá títì yẹn ni mo ń ta iṣu àti gààrì, àwọn dẹ́rẹ́bà yìí ló ń rà á jù. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹrù sórí irin, ta ló máa rajà mi? Nígbà tí rélùwéè ń rìn, ọmọdé ni mí, mo ń tẹ̀lé ìyá mi lọ gáàrì, ibùdó rélùwéè, kó dúró báyìí, a ó ti gbé igbá dé ojú fèrèsé, owó wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ti èrò nìyẹn, ti ẹrù ò ní fèrèsé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe páàkì sẹ́yìn ìlú fún wa, kí iná wà, kí omi wà, kí ṣọ́ọ̀bù wà, kí wọ́n yéé to tírélà síwájú ilé ìwé àwọn ọmọ wa. Gbogbo owó ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ní péàjì, ṣé ò tó ṣèyẹn ni?

Dẹ́rẹ́bà Àgbà:
Ìyá, ibi téèyàn á ti wẹ̀ kó sùn, ta ló máa kọ̀ ọ́? Ẹ kọ ìwé sí mérì, àwa náà á fọwọ́ sí i. Mò ń kọjá lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ bá mi tọ́jú iṣu sílẹ̀, kí ẹ dín owó ẹ̀ fún mi o.