Port 8000 kọ̀, kò ṣí: mo fẹ́ máa rí kámẹ́rà wa láti Ìlọrin

ÌyáOníkaṣú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹ̀rọ. Ibi tá a ń kó kaṣú sí wà ní Arówómọlẹ̀, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kámẹ́rà mẹ́rin ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú DVR (àpótí tó ń gba àwòrán wọn sílẹ̀), a so ó mọ́ ráútà tó ń lo síìmù 4G. Tí mo bá wà nínú ọgbà, mo ń rí gbogbo ẹ̀ lórí fóònù. Tí mo bá ti dé Ìlọrin, kò sí mọ́. Mi ò sì lè máa pe gáàdì ní wákàtí-wákàtí, torí òun gan-an wà lára ohun tí mo fẹ́ máa wò.

Mo wọ 192.168.8.1, ojú ìwé ètò ráútà, mo lọ síbi Virtual Server, mo ní kí port TCP 8000 (ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ DVR) máa lọ bá 192.168.8.50, ìyẹn DVR. Mo pa ráútà, mo tún un tàn. "Closed" náà ni mo ṣì ń rí. Ọmọkùnrin tó bá wa so kámẹ́rà ní kí n kúkú tan DMZ. Ṣé kí n tan án?

Nǹkan kejì: táwọn òṣìṣẹ́ bá ń gbé fídíò sórí WhatsApp, àwòrán á dúró gbagidi. Mo rí QoS nínú ráútà, ibi tí wọ́n ti ń yan ẹ̀rọ tó máa kọ́kọ́ rí ìkànnì lò, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

ỌmọTakie
Ẹ kú ọjà o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan DMZ. Gbogbo port pátá ló máa jù sí DVR yẹn, kì í ṣe 8000 nìkan. Irú DVR àti kámẹ́rà tí wọn ò pààrọ̀ páásíwọọ̀dù tí wọ́n rà á mọ́ ni Mirai, kòkòrò orí ẹ̀rọ kan, kó lẹ́rú ní 2016. Ní October ọdún náà, wọ́n fi wọ́n kọlu Dyn, iléeṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà àwọn ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn ní Amẹ́ríkà ò sì rí Twitter àti Netflix ṣí. Àwọn tó ni DVR ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹrù àwọn ti lọ sógun.

Ẹ wo WAN IP, ìyẹn àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ síìmù fún ráútà yín, ní ojú ìwé Status nínú ráútà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù tó wà lórí Wi-Fi yẹn béèrè "what is my IP" lọ́wọ́ Google. Ṣé wọ́n bára mu?

ÌyáOníkaṣú
Wọn ò bára mu o. Ti ráútà, 100.82 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ti Google, 105. Èwo ni tiwa níbẹ̀?

ỌmọTakie
105 yẹn ni gbogbo ayé ń rí, àmọ́ ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ni ín. Àdírẹ́sì IPv4 ò ju bílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀ lọ, kò kárí mọ́, nítorí náà iléeṣẹ́ síìmù ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sábẹ́ ẹyọ kan. CGNAT ni wọ́n ń pè é, láti 100.64 dé 100.127 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un ní 2012. Bíi lẹ́tà tí wọ́n kọ orúkọ agboolé nìkan sí lára ni: ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ yàrá tó ń lọ. Ohun tẹ́ ẹ kọ sínú Virtual Server ò burú, kò sóhun tó ń dé ọ̀dọ̀ ráútà yín láti ìta ni. Ẹ pa á rẹ́, kẹ́ ẹ sì pa UPnP náà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣí port fúnra rẹ̀.

BàbáWáyà
Òótọ́ lo sọ, àmọ́ o ò tíì fún ìyá ní ọ̀nà àbáyọ. Mà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ páásíwọọ̀dù DVR. Kó má ṣe jẹ́ 12345, kó má sì jẹ́ orúkọ ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tan P2P inú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi app rẹ̀ ya QR code ibẹ̀. DVR fúnra rẹ̀ ló máa jáde lọ bá ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó ṣe é, kò sí port tẹ́ ẹ máa ṣí. Èmi ò fẹ́ kí àwòrán ọgbà mi gba ọwọ́ ẹlòmíì kọjá, WireGuard ni mo ń lò, ìyẹn VPN, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó wọ inú ọgbà tààrà, UDP 51820 nìkan ló ṣí. Àmọ́ ó gba àdírẹ́sì gbangba, ó tún gba kọ̀ǹpútà kékeré tí kì í kú. Pẹ̀lú iná wa yìí? Ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ní ti QoS: ohun tó ń jáde lọ́gbà yín lẹ fi ń wo kámẹ́rà láti Ìlọrin, òun náà sì ni WhatsApp ń jẹ. Ẹ wọn upload yín, ẹ kọ nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ sínú QoS, kẹ́ ẹ fi DVR sípò Highest. Ẹ sì lo sub-stream, àwòrán tó fúyẹ́, 512 kbps fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Main stream 1080p, àwòrán tó mọ́ kedere, lè gba 4 Mbps lórí ẹyọ kan ṣoṣo.

ÌyáOníkaṣú
Ẹ ṣeun gan-an. Tí mi ò bá wò ó, ṣé á ṣì máa jẹ dátà?

BàbáWáyà
Ìwọ̀nba kékeré. Tẹ́ ẹ bá ṣí i ló ń jẹun: 512 kbps yẹn tó 230 MB ní wákàtí kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lápapọ̀ ń lọ sí 1 GB. Ẹ máa ti app pa tẹ́ ẹ bá ti rí gáàdì.