Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lórí ọmọ mi àti ẹṣin gígun

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè bóyá ẹṣin gígun lè ran ọmọkùnrin mi lọ́wọ́ níbí ní Ìlú Ọba. Ọmọ ọdún 6 ni, ó ní cerebral palsy, ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí iṣan ara ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le, kò sì lè jókòó láìfi ìrọ̀rí tì í.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni ti ẹni tó ní ká kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun ìbàdí rẹ̀, ká tó wá ẹgbẹ́ RDA (Riding for the Disabled Association, àwọn tó ń kó aláàbọ̀ ara gun ẹṣin) tó wà nítòsí. Awọ àgùntàn onírun ni wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ẹṣin dípò gàárì. Ooru ara ẹṣin ń mú kí itan rẹ̀ rọ̀. Bí ẹṣin bá sì ti ń rìn, ìbàdí ọmọ ń mì bíi ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Kì í ṣe eré lásán o. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó jókòó jẹ ìrẹsì tán láìsí ìrọ̀rí. Omi bọ́ lójú mi.

Àṣíborí tí wọ́n fi ń gun ẹṣin ló kọ̀. A ń dé e fún un nílé bí ẹ ṣe wí, ó ń fara dà á fún ìṣẹ́jú 20 báyìí.

Ìrìn kò tíì yí padà. Tí a bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ, ẹsẹ̀ á tún le, nítorí náà a ò fi ẹsẹ̀ nínà tí physio (olùtọ́jú iṣan àti eegun) kọ́ wa sílẹ̀. Ẹ ṣé gan-an.