Bí 504 Dádì mi ṣe yege àyẹ̀wò èéfín ní London

Ọ̀pọ̀ yín tó fẹ́ kó mọ́tò àtijọ́ láti ilé wá sí London ló ń bẹ̀rù àyẹ̀wò èéfín débi pé ẹ fẹ́ kúkú fi mọ́tò bàbá yín sílẹ̀ kó dógùn-ún sílé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún wa.

Peugeot 504 ni tiwa, ti 1979, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná, Dádì mi ló rà á ní tuntun nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà l'Abẹ́òkúta, òun náà ló sì gbé gbogbo àwa ọmọ lọ síléèwé. Nígbà tí ojú ò jẹ́ kí wọ́n wakọ̀ mọ́, wọ́n ní kí n wá gbé e. Ọdún 2017 ni mo kó o sọ́kọ̀ ojú omi láti Àpápá, ó sọ̀ sí Tilbury. Ti kọ́sítọ́ọ̀mù ò le rárá, ẹ ṣáà ti jẹ́ kí HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, gbọ́ láàrin ọjọ́ 14 tó bá wọlé kẹ́ ẹ fi lè rí NOVA, ìyẹn ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ owó orí mọ́tò náà ti yanjú, gbà. Iná iwájú náà la pààrọ̀, torí apá ọ̀tún la ti ń wakọ̀ nílé, òsì ni tiwọn níbí, iná tiwa á máa fọ́ ẹni tó ń bọ̀ lójú.

MOT, àyẹ̀wò bóyá mọ́tò yẹ lójú títì, tí ti èéfín wà nínú rẹ̀, gan-an ni wàhálà. DVLA, àwọn tó ń forúkọ mọ́tò sílẹ̀, ò ní fún yín ní nọ́ńbà láìsí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé mọ́tò ò tíì ní nọ́ńbà, nọ́ńbà ṣáásì ni wọ́n máa fi ṣe é. Ibi àkọ́kọ́ tí mo gbé e dé, ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà rí i pé 2017 ni mọ́tò wọ̀lú, ó bá tẹ 2017 sí i, ni ẹ̀rọ wọn bá fẹ́ fi òdiwọ̀n mọ́tò tó ní catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín kó tó jáde, wọ̀n ọ́n. Mo ṣàlàyé ṣàlàyé, kò gbà, mo gba kọ́kọ́rọ́ mi mo sì bá tèmi lọ, inú bí mi gan-an lọ́jọ́ yẹn. Àmọ́ Dádì mi kì í ju bébà nù, rìsíìtì 1979 ṣì wà nínú fáìlì wọn, wọ́n ní kí àbúrò mi yà á ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, mo tún gba lẹ́tà tó jẹ́rìí ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ní Peugeot àtijọ́. Ẹ tètè wá ìwé yẹn kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí ọdún ló ń sọ òdiwọ̀n. Èyí tó kọ́kọ́ rìn ṣáájú oṣù kẹjọ 1975, ojú lásán ni wọ́n fi ń wo èéfín rẹ̀. Láti ìgbà yẹn títí dé ìparí oṣù keje 1986, CO, gáàsì olóró inú èéfín, ò gbọ́dọ̀ ju 4.5% lọ, HC, ìyẹn epo tí ò jó, ò gbọ́dọ̀ ju 1,200 ppm.

Ibi kejì lo ọdún tó tọ́. Mọ́tò ṣì já. CO 7.8%, HC 1,350.

Bàbá kan wà lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham, ará Ìbàdàn ni wọ́n, Mọ́kọ́lá ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ 504 kí wọ́n tó wá síbí. Mo rò pé wọ́n máa kàn gbá skúrù kábúrétọ̀ mú ni, wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Fílítà ni wọ́n kọ́kọ́ yọ, eruku pupa ọ̀nà Abẹ́òkúta ṣì kún inú rẹ̀. Wọ́n wo ṣóòkì, wáyà rẹ̀ ò padà tán. Wọ́n yọ fúlóòtì tó ń dá epo dúró nínú kábúrétọ̀, wọ́n mì í sí mi létí, epo ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, kò lè léfòó mọ́, ìdí nìyẹn tí epo fi ń kún àkúnjù látọjọ́ yìí. Wọ́n pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ńtáàtì, wọ́n ṣe tápẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, wọ́n wá jó ibi tí sàlẹ́ńsà ti lu pọ̀, torí tí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibẹ̀ wọlé, irọ́ ni ẹ̀rọ máa kà.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú skúrù, wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ bọ sàlẹ́ńsà, wọ́n ní kí n máa ka nọ́ńbà fáwọn. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀ ni inú mi ń dùn, 5, 4, 2, ó dé 1.2, mo ní "Bàbá, ẹ dá a dúró síbẹ̀!" Wọ́n ní kí n wo HC. Ó ti di 1,900, mọ́tò náà sì ti ń gbọ̀n lórí sìlóò, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tẹ́nìkan ò tẹ iná. "Ebi ló ń pa á báyìí," wọ́n ní, "tí epo bá kéré jù, iná ò ní ràn kárí, èyí tí ò jó á bá sàlẹ́ńsà jáde." Mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, mo rò pé kéèyàn ṣáà dín epo kù ni. Wọ́n wá ń dá skúrù náà padà díẹ̀díẹ̀ títí tí ìró rẹ̀ fi balẹ̀, CO 3%, HC 420, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò mi ò jẹ́ kó tutù. Mo ti bẹ̀ wọ́n lórí fóònù pé kí wọ́n má jẹ́ kí n tò síta. Ẹni tó ṣe é gbé ẹ́ńjìnnì sókè fún bí 20 sẹ́kọ́ńdì, ó jẹ́ kó padà sórí sìlóò, ó wọ̀n ọ́n: 2.9%, 410. Ẹ tún mọ èyí o: tí CO bá yege lórí sìlóò tí HC nìkan wá já, wọ́n gbọ́dọ̀ tún HC wò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí bíi ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó bá yege níbẹ̀, ó ti yege nìyẹn.

Láti 20 oṣù karùn-ún 2018, mọ́tò tó ti lé ní 40 ọdún tí wọn ò sì yí padà gidi ò nílò MOT mọ́, tiwa náà sì ti wọ historic, ìyẹn ẹgbẹ́ mọ́tò àtijọ́, kí ULEZ, owó tí mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ń san lójúmọ́, tó dé Peckham ní 2021, a ò san £12.50 yẹn rí. Síbẹ̀ mo ṣì ń gbé e lọ wọ̀n lọ́dọọdún, torí iwájú iléèwé àwọn ọmọ ni mò ń gbà kọjá, mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fà á símú.

Ọjọ́ tá a yege yẹn mo pe Dádì láti ẹ̀gbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo ní "Dádì, ó ti yege o, ẹ kú oríire." Wọ́n ní kí n dákẹ́ ná, kí n gbé fóònù sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n gbọ́ ọ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní tápẹ́ẹ̀tì kan ṣì ń dún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e Bàbá ti Peckham ṣí i, àlàfo ọ̀kan ló fẹ̀ jù lóòótọ́.