Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì pòórá lórí páńẹ́ẹ̀lì Xubuntu 22.04, Wáífáì ò sì so mọ́

Atẹ̀wéLágere (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Láptọ́ọ̀pù HP kan ni, ní ibi tí a ti ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lágere. Xubuntu 22.04, irú Linux kan, ló wà lórí rẹ̀. Láti àná ni àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó máa ń wà lókè lápá ọ̀tún, nítòsí aago, ti pòórá. Àmì ohùn wà níbẹ̀, ti bátìrì wà, aago náà ń ṣiṣẹ́. Wáífáì ò so mọ́ ráútà, bẹ́ẹ̀ fóònù ń lo ráútà yẹn kan náà láìsí wàhálà. Mo ti pa ẹ̀rọ yìí tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí ìyàtọ̀. Ọwọ́ tó ń kàn án lóòjọ́ pọ̀. Ṣé kí n kúkú fi Xubuntu mìíràn sí i ni? Fáìlì àwọn oníbàárà ló kún orí rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣàLinux (Iléṣà)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i o. Nǹkan méjì ni ojú ń rí bí ẹyọ kan níbẹ̀ yẹn. NetworkManager ló ń so ẹ̀rọ mọ́ Wáífáì, abẹ́lẹ̀ ló sì ń gbé, ẹ ò lè fojú rí i. nm-applet ni ìránṣẹ́ rẹ̀ tó ń gbé àmì jáde sórí páńẹ́ẹ̀lì, ìlà tí aago wà lórí rẹ̀ yẹn. Àmì lè kú kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà láàyè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lè kú kí àmì ṣì jókòó síbẹ̀. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ká yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ tẹ Ctrl+Alt+T kí tẹ́mínà, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ṣí, kí ẹ wá tẹ ìwọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan:

systemctl is-active NetworkManager
pgrep -a nm-applet
nmcli networking
nmcli device

Ẹ kọ ìdáhùn wọn síbí gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde.

Atẹ̀wéLágere

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ti àkọ́kọ́: active. Ìkejì: 1874 nm-applet. Ìkẹta: disabled. Ìkẹrin: unmanaged ló kọ síwájú ti Wáífáì, wlp2s0, ohun kan náà ló kọ síwájú ti wáyà, enp1s0.

Ìjẹ̀ṣàLinux

disabled yẹn ni ẹ gbájú mọ́. Ẹnì kan ti fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì yọ máàkì kúrò níwájú Enable Networking. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Enable Wi-Fi ló ń wá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an nìyẹn wà. Ohun tó jẹ́ kí pípa àti títàn má ràn án ni pé NetworkManager máa ń kọ ìpinnu yẹn sílẹ̀ sínú fáìlì /var/lib/NetworkManager/NetworkManager.state, bíi NetworkingEnabled=false, ibẹ̀ náà ló sì ń kọ́kọ́ wò nígbàkúùgbà tó bá jí.

unmanaged tí ẹ rí (pé NetworkManager ò bójú tó o) kì í ṣe àìsàn ọ̀tọ̀. Tí a bá ti ti gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì pa, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe kọ ọ́ síwájú gbogbo wọn. Ẹ tẹ:

nmcli networking on

Ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ tún tẹ nmcli device. Tó bá kọ connected, ó parí. Tó bá kọ disconnected:

nmcli device wifi list
nmcli --ask device wifi connect "orúkọ ráútà"

Ẹ má gbàgbé --ask yẹn. Òun ló ń jẹ́ kó bi yín ní páásíwọọ̀dù lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ àṣẹ tán. Tí ẹ bá kọ páásíwọọ̀dù mọ́ àṣẹ náà, inú .bash_history, fáìlì tó ń tọ́jú àwọn àṣẹ tí a ti tẹ̀, ni yóò wà, ẹnikẹ́ni tó bá sì jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹn lè kà á.

Atẹ̀wéLágere

Ó ti so mọ́ ọn! Kíá ló kọ connected, ìwé ti ń jáde. Ṣùgbọ́n àmì ò tíì yọjú.

Mọdákẹ́kẹ́_Tech

Ẹ jẹ́ kí n gba ti àmì sọ. Ohùn àti bátìrì tó ṣì wà lókè ló máa ń tan èèyàn jẹ. Nínú Xfce, ètò tó ń gbé ojú iṣẹ́ Xubuntu jáde, àwọn yẹn ní ìjókòó tiwọn lórí páńẹ́ẹ̀lì. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní, inú àpótí kan tó ń jẹ́ Status Tray Plugin ló máa ń wọ̀ sí. Pé pgrep fún yín ní nọ́ńbà fi hàn pé nm-applet wà láàyè, ibi tí yóò jókòó sí ni ò rí. Ẹni tó tẹ Enable Networking ló jọ pé ó tẹ Remove náà, nítorí tí máòsì bá yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí àmì, àkójọ ti páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló ń ṣí.

Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ páńẹ́ẹ̀lì níbi tó ṣófo, ẹ lọ sí Panel, lẹ́yìn náà Add New Items. Ẹ wá Status Tray Plugin, ẹ tẹ Add. Ìparí páńẹ́ẹ̀lì ni yóò bọ́ sí. Nínú Panel Preferences, abala Items, ẹ fi ọfà gbé e wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.

Bí àpótí bá dé tí àmì ò dé, ẹ wo Properties rẹ̀, bóyá máàkì wà lábẹ́ Hidden fún ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bí kò bá sí, ẹ tẹ pkill nm-applet ní tẹ́mínà, kí ẹ wá tẹ Alt+F2, kí ẹ kọ nm-applet síbẹ̀. Ẹ má tàn án láti tẹ́mínà, torí tí ẹ bá ti tẹ́mínà pa, ó lè bá a lọ.

Ìjẹ̀ṣàLinux

Fún ẹlòmíràn tó bá ka èyí: bí nmcli networking bá sọ pé enabled, tí unmanaged ṣì wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Lórí Debian, irú Linux mìíràn, ẹ wo /etc/network/interfaces. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá ti kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, NetworkManager kì í fọwọ́ kàn án. Ẹ fi # síwájú ìlà rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ìlà "lo" (loopback, ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀), kí ẹ wá tẹ sudo systemctl restart NetworkManager. Bí pgrep ò bá sì mú nǹkan kan wá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ network-manager-gnome, tí nm-applet wà nínú rẹ̀, kúrò. Ẹ wo /var/log/apt/history.log. Tí kò bá sí Wáífáì láti fi dá a padà, ẹ fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn kí ẹ tan USB tethering.

Atẹ̀wéLágere

Àmì ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Ẹ ṣeun púpọ̀. Báwo ni mo ṣe lè dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà?

Mọdákẹ́kẹ́_Tech

Ẹ ṣí Panel Profiles nínú Settings, kí ẹ tọ́jú páńẹ́ẹ̀lì bó ṣe wà báyìí. Bí wọ́n bá tún bà á jẹ́, Apply lásán ni. Ẹ sì ṣí àkántì ọ̀tọ̀ fún àwọn oníbàárà, tí kò ní agbára sudo (agbára alábòójútó ẹ̀rọ). Inú ~/.config/xfce4 ti oníkálukú ni ètò páńẹ́ẹ̀lì wà, tiyín ò ní mì. Àkántì yẹn ò ní kí wọ́n má tẹ Enable Networking ṣá o, ẹni tó bá ti wọlé sídìí ẹ̀rọ ló láṣẹ rẹ̀. Ẹ kọ nmcli networking on sára bébà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì.