Ọmọ mi tó ní ọ́tísíìmù ń di etí, ó ń bọ́ aṣọ, wọ́n ní kò láàánú. Ẹ bá mi dá sí i

ÌyáÀkànní_Ọ̀yọ́: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àkànní ti ń lọ sí ọmọ ọdún méje, dókítà ti ní ọ́tísíìmù ni, pé bí ọpọlọ ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí tiwa. Tá a bá ti dé ìdí àwọn ẹlẹ́rọ ata ní ọjà Akẹ̀sán, á fọwọ́ méjèèjì di etí, á figbe ta, tá a bá délé kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Léèsì ọdún tí ìyá àgbà rà fún un, iwájú àlejò ló ti bọ́ ọ. Èyí tó dùn mí jù ni pé nígbà tí bàbá ọkọ mi kú tí gbogbo ilé ń sunkún, ṣe ló ń rẹ́rìn-ín tó ń to ìdérí mínírà sílẹ̀. Ẹbí ní ọkàn ẹ̀ le. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ àmọ́ mi ò rí èsì fún wọn. Kí ló ń ṣe é nínú?

Àǹtí_Tíṣà: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ mà. Federal College of Education Special, Ọ̀yọ́ wa níbí, ni mo ti kàwé, torí àtikọ́ tíṣà àwọn ọmọ tó nílò ẹ̀kọ́ àkànṣe ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1977, ọ̀pọ̀ ará ìlú ń kọjá níwájú ẹ̀ wọn ò mọ̀. Àkànní kì í ṣe olóríkunkun. Ariwo tí etí tiwa máa ń pa tì, tiẹ̀ kì í pa á tì, ariwo ẹ̀rọ, òórùn ata, oòrùn, èèyàn tó ń fara gbún un, gbogbo ẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ti kọjá agbára ẹ̀ lẹ máa gbọ́ igbe. Ọmọ tó ń ké torí bisikíìtì á máa yọjú wò bóyá ẹ ń wo òun, ẹ bá rà á, ó parí. Tiẹ̀, ẹ ra gbogbo ọjà fún un, kò ní dákẹ́ àfi tí ohun tó ń dà á láàmú bá kúrò. Àwọn kan tiẹ̀ wà, wọ́n á fara pa, wọn ò ní mọ̀ ọ́n lára, ọmọ kan náà sì lè ní méjèèjì. DSM-5, ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ fi ń mọ irú nǹkan báyìí, tí ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2013, ti ka méjèèjì mọ́ àmì ọ́tísíìmù.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́: Èmi náà ní in, mo ti dàgbà, mo ń ṣiṣẹ́ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo wa kọ́ la rí bákan náà o, àmọ́ léèsì yẹn yé mi. Lébẹ̀ẹ̀lì ọrùn aṣọ nìkan máa ń yún mi bíi wèrèpè, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù, bẹ́ẹ̀ àǹkárá tí wọ́n ti fọ̀ tó ti rọ̀, mo lè wọ̀ ọ́ ṣúlẹ̀. Ti ẹ̀rín yẹn, ìyá mi sunkún lójú mi rí, àyà mi ń lù kìkì, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni àbí ebi àbí ìbànújẹ́, mi ò lè wojú wọn, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń mọ̀ ọ́n lára tí a ò tètè mọ ohun tó jẹ́. Ẹ jẹ́ kó máa to ìdérí ẹ̀, ohun tó fi ń fara balẹ̀ nìyẹn. Damian Milton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ọ́tísíìmù fúnra ẹ̀, kọ ọ́ ní 2012 pé bí a ò ṣe gbọ́ yín yé ni ẹ̀yin náà ò gbọ́ wa yé, àwa nìkan kọ́ ló yẹ kí wọ́n máa dá lẹ́bi.

Alàgbà_Kòso: Mi ò bá yín jiyàn ẹ̀yin ọmọ mi, àmọ́ ẹ mú un wá fún àdúrà. Tẹ́ ẹ bá sì ń gbà á láyè kó máa bọ́ aṣọ níta, á bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

ỌmọÒgbómọ̀ṣọ́: Ẹ ṣé bàbá, ẹ máa bá wa gbàdúrà sà. Kí wọ́n má ṣáà gbé e síwájú sípíkà, kí wọ́n má dì í mú, kí wọ́n má nà án. Wọ́n na àwọn míì nínú wa títí a fi kọ́ bí a ṣe ń mú un mọ́ra níta, tá a bá wá délé a ò ní lè gbé apá.

ÌyáÀkànní_Ọ̀yọ́: Ẹ ṣé gan-an. Fìlà bàbá yẹn ló ṣì ń gbé sùn o, kò jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, màá sọ ìyẹn fún ẹbí. Ọjà ńkọ́, kí n má mú un lọ mọ́ ni?

Àǹtí_Tíṣà: Ẹ lè mú un lọ láàárọ̀ kí èrò tó pọ̀, ẹ má gba ìdí ẹ̀rọ. Ẹ ra ìbòtí tí àwọn tó ń la gẹdú máa ń lò fún un, àmọ́ kó kọ́kọ́ máa wọ̀ ọ́ nílé kó lè mọ́ ọn lára, torí ìbòtí náà lè fún un lórí. Fìlà yẹn, ẹ má fọ̀ ọ́ mà.