Kọ̀ǹpútà alágbèéká wo ló lè fara da iṣẹ́ ológun ní pápá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà nídìí ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n ní kí n dábàá kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa yóò máa gbé lọ pápá, nínú eruku, òjò àti ọkọ̀ tó ń gbọ̀n jìgìjìgì. Toughbook ti Panasonic àti Getac ni mò ń wò.

MIL-STD-810H, ìyẹn ìlànà ológun Amẹ́ríkà fún dídán ìfaradà ohun èlò wò, ló ń rú mi lójú. Gbogbo wọn ló kọ ọ́ sára páálí, bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yan ìdánwò tó fẹ́ ṣe. Ẹ wo ti jíjábọ́: ìgbà 26 ni ẹ̀rọ ń já bọ́ láti sẹ̀ǹtímítà 122, síbẹ̀ wọ́n gbà kí wọ́n pín in fún ẹ̀rọ márùn-ún. Irú ìdánwò wo nìyẹn? Ìwé wo gan-an ni kí n ní kí olùtajà mú wá?

Àmì IP tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe ń dènà eruku àti omi ńkọ́, ṣé IP65 ni àbí IP67? Eruku ò lè wọ ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n IP67 lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ìṣẹ́jú 30. Ṣé ó tó ohun tí à ń tìtorí ẹ̀ fowó kún owó?

Bátìrì méjì ni mo fẹ́, ká lè yọ ọ̀kan láìpa ẹ̀rọ. Kí ojú rẹ̀ hàn kedere nínú oòrùn, kó sì lè ṣú lóru débi tí kò ní tú àṣírí wa.

Ẹni tó bá ti wọ ìbọ̀wọ́ tẹ ojú ẹ̀rọ wọ̀nyí nínú òjò, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ń gbọ́ràn, àbí omi ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́?